Àrokò Ọkàn: Ohun tí Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ Nípa Ẹni tí Rọpárọsẹ̀ Kọlù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ọ̀rọ̀ kan tí ó dà bí ẹni pé kò kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá rárá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń ṣe fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, kí wọ́n lè mọ bí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe sí, kí wọ́n sì lè fi òye gbé e bóyá ara rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò. Nọ́ńbà kan ni ó máa ń jáde lórí ìwé. Àwọn ẹbí a gbé ìwé náà lọ́wọ́, wọn a máa wo ojú ara wọn. Kí ni nọ́ńbà yìí ń sọ? Ṣé ó ń sọ pé aláìsàn wa yóò tún rìn? Àbí ó ń sọ pé kí a lọ tọ́jú pósí?

Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín, ní èdè tí bàbá àti ìyá wa ní Agbówà yóò gbọ́ yé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè jókòó ti oríkì àti ìtàn rẹ̀, èmi yóò dá a lóhùn pé èdè tí a kò lè fi sọ ohun tí ń ṣe wá nílé ìwòsàn, èdè tí ó ń kú lọ ni. Ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni èyí. Kò yẹ kí ó jẹ́ ní èdè òyìnbó nìkan ni a ti lè sọ ọ́.

ORÚKỌ ÀRÙN ÀTI IBI TÍ Ó FI ṢE ILÉ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ orúkọ ni iṣẹ́ tèmi. Rọpárọsẹ̀ jẹ́ gbólóhùn tí ó di ọ̀rọ̀-orúkọ: ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀. Ohun tí ojú rí ni àwọn baba wa fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀gbà ni orúkọ mìíràn tí a ń pe irú àìlera bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti rí ẹlẹ́gbà. Àrùn kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ fẹ́ jọ ti rọpárọsẹ̀, èyí ni rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí ó jẹ́ ti ọmọdé. Bí orúkọ wọn ti jọra tó, àrùn méjèèjì kò bá ara wọn tan. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa ti ọmọdé, àjẹsára sì ń dènà rẹ̀. Ti àgbà kì í ràn, kò sì sí àjẹsára tí ń dènà rẹ̀.

Ohun tí orúkọ náà kò sọ fún wa ni ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe apá, nǹkan kan kò ṣe ẹsẹ̀. Inú orí ni ọ̀rọ̀ wà. Ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ fún apá, fún ẹsẹ̀ àti fún ahọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tọ ọpọlọ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan nínú ọpọlọ, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ń darí ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ ọ̀tún yóò rọ. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ń darí ọ̀rọ̀ sísọ ni, ẹnu yóò wúwo.

Ọ̀nà méjì ni èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Èkíní ni pé kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú orí bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ sì tú dà sí ibi tí kò yẹ. Èkejì ni pé kí nǹkan dí iṣan náà, kí ẹ̀jẹ̀ má rí ọ̀nà kọjá. Èkejì yìí ni ó wọ́pọ̀ jù, òun sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan jáde, tí wọ́n ń pè ní SIREN. Ibùdó 15 ní Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kó àwọn aláìsàn 2118 jọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn 2118 mìíràn tí àrùn náà kò ṣe. Nínú àwọn aláìsàn náà, 1430 ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ wọn dí, 682 sì ni iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn bẹ́.

Àwọn wọ̀nyí kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wádìí àrùn náà ní ilẹ̀ wa o. Láti 1973 sí 1975 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi orúkọ àwọn tí ó kọlù ní ìgboro Ìbàdàn sínú ìwé, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n jẹ́ lọ́dọọdún. Ní 2007 ẹ̀wẹ̀, àwọn dókítà Danesi, Okubadejo àti Ojini tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó jáde. Nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn, iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí jẹ́ 1.14. Ìyẹn ni pé kò sí àdúgbò ńlá kan tí kò ní ẹni tirẹ̀.

ỌKÀN ÀTI ỌPỌLỌ KÒ ṢEÉ PÍN NÍYÀ

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ó bá ṣe pé inú orí ni àrùn wà, kí ni a ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ ọkàn? Ìbéèrè náà dára. Nínú èdè wa, ọkàn ni à ń fi ronú. A ń sọ pé ọkàn mi kò balẹ̀. A ń sọ pé fi í sọ́kàn. A ń sọ pé ọkàn mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá gbọ́n, a ní ó ní ọpọlọ. Ó dà bí ẹni pé èdè wa kò fẹ́ pín àwọn méjèèjì níyà. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn náà ti wá rí i pé wọn kò ṣeé pín.

Ọ̀nà kìíní ni pé ọkàn lè ṣe ọpọlọ léṣe. Yàrá mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn. Bí yàrá méjì ti òkè bá ń gbọ̀n ségesège dípò kí wọ́n máa lù déédéé, ẹ̀jẹ̀ kì yóò máa jáde tán níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ìyá yín sẹ́ ògì mọ̀ pé ògì tí a gbé kalẹ̀ tí a kò rò yóò jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró sójú kan ṣe ń dì. Bí èérún kan bá já kúrò lára ẹ̀jẹ̀ dídì yìí, yóò bá ẹ̀jẹ̀ gòkè lọ, yóò sì há sí iṣan tóóró kan nínú ọpọlọ. Apá rọ nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ọpọlọ tí ó ṣèṣe lè ṣe ọkàn náà léṣe. Àwọn ibì kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń darí bí ọkàn ti ń lù. Bí jàǹbá bá dé ibẹ̀, ara lè tú oje tí ń mú àyà já sínú ẹ̀jẹ̀ ní àtújù, irú èyí tí ara ń tú nígbà tí a bá ṣàdédé pàdé ejò lójú ọ̀nà oko. Ọkàn yóò máa sáré, ẹran rẹ̀ yóò sì fara gbọgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ó dí iṣan tí ń bọ́ ọkàn náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn ni èyí ti wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wo apá tí ó rọ nìkan kò tíì rí ìdajì ọ̀rọ̀. Ewu mìíràn ń bẹ nínú àyà.

ÀROKÒ INÚ Ẹ̀JẸ̀

Kí ìwé kíkọ tó dé, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn ń sọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀. Owó ẹyọ méjì kan náà, tí a bá so wọ́n tí wọ́n kẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ ìjà ni wọ́n ń sọ. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tí kò mọ àrokò kà, owó ẹyọ lásán ni yóò rí. Ẹni tí ó sì kà á sódì lè dá ìjà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi ìfẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Ọkàn tí ó wà nínú ìnira náà ń fi àrokò ránṣẹ́, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń fi í sí. Méjì nínú wọn ni ó lókìkí jù.

Èkíní ni troponin. Èròjà kan ni èyí tí ó wà nínú ẹran ọkàn, tí ó ń bá ẹran náà ṣiṣẹ́ bí ó ti ń fún tí ó sì ń tú. Inú ẹran ọkàn ni ilé rẹ̀. Díẹ̀ kíún ni a máa ń rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí a bá rí i níta ju bí ó ti yẹ lọ, ó túmọ̀ sí pé ògiri ilé rẹ̀ ti sán níbì kan. Àyẹ̀wò troponin T tí ó mú jù lóde òní máa ń ka nanogram 14 nínú lítà kan sí ẹnu ààlà. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo ni nanogram kan. Ẹ kò rí i pé àrokò tí ó fara sin gan-an ni!

Èkejì ni BNP. Orúkọ rẹ̀ ní ìtàn tí ó dùn mọ́ mi. Ní 1988, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànì rí i nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n sì fi ọpọlọ sọ ọ́ lórúkọ. Lẹ́tà B tí ó ṣáájú dúró fún ọpọlọ ní èdè wọn tí wọ́n fi kọ ọ́, èyí ni Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn pé ọkàn ni ó ń pèsè èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orúkọ ti mọ́ ọn lára, kò sì yí padà mọ́. Nígbà tí ògiri ọkàn bá nà jù nítorí ẹrù tí ó pọ̀ lórí rẹ̀, ọkàn yóò tú BNP jáde, kí kíndìnrín lè da omi àti iyọ̀ nù, kí ẹrù náà sì fúyẹ́. NT-proBNP ni èérún tí ó máa ń já sílẹ̀ nígbà tí ara bá ń ṣe BNP. Ó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju BNP fúnra rẹ̀ lọ, èyí ni ó fi jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò ń wọ̀n.

Ní kúkúrú, troponin ń sọ pé mo fara gbọgbẹ́. BNP ń sọ pé ẹrù ń pa mí.

BÍ A TI Ń KA ÀROKÒ NÁÀ

Ẹ rántí owó ẹyọ méjì. Ohun kan náà ni wọ́n. Ìtò wọn ni ó yí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni troponin rí. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò tó. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò gba ẹ̀jẹ̀, yóò dúró fún wákàtí díẹ̀, yóò sì tún un gbà. Bí iye kejì bá fi púpọ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, tàbí tí ó fi púpọ̀ lọ sílẹ̀, ọgbẹ́ tuntun ni. Bí ó bá ga ṣùgbọ́n tí kò kúrò lójú kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun tí ó ti wà lára aláìsàn tipẹ́tipẹ́: ọjọ́ orí, àárẹ̀ kíndìnrín, tàbí ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti mú kí ògiri rẹ̀ nípọn.

BNP náà kò gbẹ́yìn. Ó máa ń ga bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, ó máa ń ga bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì máa ń ga bí ọkàn bá ń lù ségesège. Ti ìgbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó lè ta dókítà lólobó pé láti inú ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti wá.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Berlin ní Jámánì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa. Wọ́n mú àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ 29 tí troponin wọn ga, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn 29 tí ìkọlù ọkàn gbé wá sí ilé ìwòsàn. Troponin àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì fẹ́ rí bákan náà. Wọ́n wá ya àwòrán iṣan tí ń bọ́ ọkàn wọn. Nínú àwọn tí ọkàn kọlù, 23 ni wọ́n ti rí ojú ibi tí ó fa wàhálà náà nínú iṣan. Nínú àwọn ti rọpárọsẹ̀, 7 péré ni. Nọ́ńbà jọra, ìtumọ̀ yàtọ̀. Bí a bá ka àrokò ẹni kejì sí ti ẹni àkọ́kọ́, a lè fún un ní oògùn tí kò tọ́ sí i.

Kì í ṣe pé kí a wá pa àyẹ̀wò náà tì. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2018, ní kí wọ́n wọn troponin ẹni tí irú rọpárọsẹ̀ yìí kọlù. Ṣùgbọ́n wọ́n fi kún un pé kí àyẹ̀wò náà má ṣe dá oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì dúró.

ǸJẸ́ Ó LÈ SỌ ẸNI TÍ YÓÒ GBÁDÙN?

Ibí yìí ni kókó wà. Àwọn ìwádìí láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ti fi hàn pé, bí a bá kó àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ tí troponin tàbí BNP wọn ga sí apá kan, tí a kó àwọn tí tiwọn kò ga sí apá kejì, ikú àti àìlera máa ń pọ̀ ní apá kìíní. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà lẹ́yìn èyí: kí ni àyẹ̀wò náà fi kún ohun tí dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Dókítà tí ó dúró ti ibùsùn yóò ní kí aláìsàn gbé apá sókè, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sọ oṣù tí a wà. Yóò fún ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì, láti 0 dé 42 lápapọ̀. Bí máàkì bá ti ń pọ̀ ni àrùn náà ń le. Yóò béèrè ọjọ́ orí. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, wọ́n á tún wọ̀n bí ara ti padà bọ̀ sípò tó lórí òṣùwọ̀n mìíràn, láti 0 tí ó túmọ̀ sí pé kò sí àmì kankan lára, dé 6 tí ó túmọ̀ sí ikú. Ohun tí ó ń sọ àbájáde oṣù mẹ́ta náà jù lọ ni ọjọ́ orí aláìsàn àti bí àrùn ti le tó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí BNP pọ̀. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni BNP àti ikú ń rìn pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi kún ọjọ́ orí àti líle àrùn kéré gan-an.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ní 2024, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jáde. Àwọn 1015 ni ó kópa, tí a kò mọ ohun tí ó fa rọpárọsẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n tí àmì wà, NT-proBNP sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àmì náà, pé yàrá òkè ọkàn wọn kò gbádùn. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn líle tí ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n fún àwọn yòókù ní áspírìn. Àrùn náà padà sára àwọn ọ̀wọ́ méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà. Rírí àmì yàtọ̀ sí mímọ ohun tí a ó fi í ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ wá láti ilé wa. Àwọn apẹja Agbówà mọ ojú ọ̀run. Bí ìkùukùu dúdú bá ṣú sórí ọ̀sà, wọ́n mọ̀ pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ máa ń dànù jù. Ǹjẹ́ ìkùukùu lè sọ ọkọ̀ tí yóò dànù? Kò lè sọ ọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí olúkúlùkù tu ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ etídò, kí ó sì la ojú rẹ̀ sílẹ̀. N kò tíì rí apẹja tí ó rí ìkùukùu tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọkọ̀ rẹ̀ nù. Àsọtẹ́lẹ̀ tí inú ẹ̀jẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ. Kò pe orúkọ ẹnì kankan.

OHUN TÍ MO RÍ

Mo sọ èyí nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, káfíńtà ni wọ́n ní Agbówà, ọwọ́ ọ̀tún wọn ni wọ́n fi ń jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ náà rọ, ẹnu wọn sì wọ́. Ọjọ́ méjì kọjá kí a tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, nítorí pé àwọn kan ní ọfà ni wọ́n ta wọ́n, ilé ni kí a ti yọ ọ́. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn kan nígboro, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìwé jáde, troponin ga. Ẹnìkan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wo ìwé náà, ó sì sọ lójú ọ̀nà pé ọkàn bàbá yìí ti bàjẹ́. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Gbólóhùn kan yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ẹbí ṣe ìpàdé. Àbúrò wọn kan ní kí a gbé wọn padà sí Agbówà, kí wọ́n lè sùn sáàárín àwọn ènìyàn wọn, kí a sì fi owó tí ó kù pamọ́ de ìnáwó tí ń bọ̀. Kì í ṣe ìkà ni ó mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Owó ti tán, nọ́ńbà sì ti sọ̀rọ̀. Ìyá mi ni ó dìde, wọ́n ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ta ni ó sọ fún yín pé ikú ni èyí?

Ní ọjọ́ kejì, dókítà mìíràn tún ẹ̀jẹ̀ náà gbà. Nọ́ńbà kò kúrò lójú kan. Ó yẹ kíndìnrín wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá kíndìnrín jà láti ọdún pípẹ́. Dókítà náà pè wá jókòó, ó sì là á yé wa ní èdè Yorùbá pé: ọkàn bàbá yín ń ṣiṣẹ́ nínú ìnira, a ó máa ṣọ́ ọ, ẹ má gbé wọn lọ. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni. Lónìí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀rọ̀ wọn sì ti já geere. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò lè fá pákó mọ́. Ọmọ iṣẹ́ wọn ni ó ń lo ṣọ́ọ̀bù. Ara ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí fún ara gbogbo ènìyàn, n kò sì sọ pé gbogbo ẹni tí troponin rẹ̀ ga ni yóò fi ọ̀pá rìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àrokò tí ó ní kí a ṣọ́ra, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á sí àrokò tí ó ní kí a gbẹ́ ilẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ỌWỌ́ WA

Bí ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ bi dókítà. Ìgbà wo ni ẹ gba ẹ̀jẹ̀ yìí, ṣé ẹ ó sì tún un gbà? Báwo ni kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣe sí? Báwo ni ọkàn rẹ̀ ti ń lù, ṣé déédéé ni àbí ségesège? Kí ni ẹ fẹ́ ṣe nítorí nọ́ńbà yìí tí ẹ kì bá tí ṣe? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àrífín. Bí ẹ bá fi ọ̀wọ̀ béèrè, dókítà rere yóò dáhùn tayọ̀tayọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ilé àyẹ̀wò, àkókò ni ó ṣe pàtàkì jù. Oògùn tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ tí àrùn bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó, ó sì di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí, kí wọ́n má baà fún ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Ẹni tí ó wà ní Agbówà gbọ́dọ̀ jáde sí Ìtòíkin, kí ó gba Ìkòròdú, kí ó la Máìlì 12 kọjá, kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńlá ti Ìkẹjà tàbí ti Ìdí-Àràbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà náà mọ ohun tí mo ń sọ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Agbówà, ó wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ sáré lọ, kí wọ́n lè tọ́ wa sọ́nà. Bí ojú bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá kan kò bá ṣeé gbé, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́, ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ọfà fi wákàtí ṣòfò.

Ṣáájú àkókò pàápàá, ìdènà ni. Ìwádìí SIREN ka ohun 11 tí ń fa àrùn yìí láàárín wa: ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá tí kò dára nínú ẹ̀jẹ̀, ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, àìjẹ ẹ̀fọ́, hílàhílo, iyọ̀ tí a ń bù sórí oúnjẹ tí ó ti jinná, àìsàn ọkàn, ìjókòó sójú kan àti sìgá mímu. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni baba ìsàlẹ̀. Wíwọ̀n rẹ̀ kì í gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì gba nanogram kankan. Àpá ni wọ́n ń so okùn mọ́, kì í ṣe pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí a bá lọ sílé fún ìsinmi yìí, kí olúkúlùkù wa mú bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá sì fún wa ní ìwé tí ó kún fún nọ́ńbà, kí a jókòó tì wọ́n, kí a kà á sí wọn létí ní èdè abínibí wọn, kí a sì béèrè ohun tí kò bá yé wa lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Àwa tí a ń kọ́ èdè ni ó yẹ kí ó mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ẹni tí a kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún lè kú sórí ọ̀rọ̀ tí kò pa á.